Bọ́tìnì Tí Kò Dá Orúkọ Ọ̀ṣun Mọ̀



Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti àwọn ọ̀dọ́ méjì nínú ẹgbẹ́ wa jókòó láti dá ìkànnì kékeré kan sílẹ̀ fún àwọn oríkì tí a ti ń gbà lẹ́nu àwọn ìyálóòṣà. A pinnu pé orúkọ Ọ̀ṣun gan-an ni yóò jẹ́ àdírẹ́sì rẹ̀, pẹ̀lú àmì lábẹ́ lẹ́tà méjèèjì tí ó yẹ. Àmì ohùn nìkan ni a fi sílẹ̀. A rà á, ó sì ṣí, inú wa dùn. Mo tẹ bọ́tìnì tí a fi ń pín nǹkan ká orí ẹ̀rọ alátagbà, mo fi ojú-ìwé náà ránṣẹ́ sí ìyá àgbà kan tí ó kọ́ mi ní púpọ̀ nínú oríkì wọ̀nyí. Kò pẹ́ tí ìyá fi pè mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àwọn gbájúẹ̀ ti gba fóònù rẹ o. Wọ́n fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi lórúkọ rẹ. N kò tẹ̀ ẹ́."

Ohun tí ìyá rí kì í ṣe orúkọ Ọ̀ṣun. Xn--un-2zs1w ni wọ́n rí. Ẹni tí ó bá ti ń lo fóònù ní ilẹ̀ wa fún ọdún kan péré kò ní dá wọn lẹ́bi.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, orúkọ ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbà ju lẹ́tà a dé z gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ wọ́n, nọ́ńbà 0 dé 9, àti ìlà kékeré àárín. Ní ọdún 2003 ni wọ́n gbé ọgbọ́n kan tí à ń pè ní Punycode kalẹ̀. Ó ń kó lẹ́tà tí ètò àtijọ́ mọ̀ síwájú, ó sì ń sọ ìyókù di àrokò lẹ́yìn wọn. Ẹ wo u àti n tí ó ṣẹ́kù nínú orúkọ ìyá wa: àwọn nìkan ni ẹ̀rọ kà sí lẹ́tà. Ọ àti ṣ ti di 2zs1w. Ó yẹ kí a tú àrokò náà padà kí ó tó dé ojú ènìyàn. Bọ́tìnì náà kò tú u. Mo ti dán òmíràn wò tí ó gé àdírẹ́sì náà sí méjì níbi tí ó ti kọ́kọ́ pàdé lẹ́tà tí kò mọ̀, àti òmíràn tí ó ka orúkọ kan náà sí ojú-ìwé méjì, tí ó sì pín iye àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé lẹ́tà Látìn ni àwa ń lò, kì í ṣe ti Rọ́ṣíà tàbí ti Lárúbáwá. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ, ẹ̀yìn odi kan náà ni ẹ, ọ àti ṣ wà pẹ̀lú wọn. Ọdún 2010 ni Íjíbítì, Saudi Arabia àti Rọ́ṣíà gba ìparí àdírẹ́sì ní lẹ́tà tiwọn. Ará Rọ́ṣíà tí ó bá tẹ президент.рф yóò dé ìkànnì ààrẹ wọn. Bí bọ́tìnì tí kò gbọ́n bá sì gbé e, рф náà di xn--p1ai. Ìjọba ńlá ni wọ́n, síbẹ̀ wọn kò bọ́ nínú rẹ̀.

N kò ní fi ẹ̀tọ́ du àwọn tí ń ṣọ́ra. Ní 2017, olùwádìí kan fi lẹ́tà Cyrillic kọ orúkọ kan tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára ti Apple. Olè lè fi ọ rọ́pò o bákan náà. Nítorí èyí ni àwọn ẹ̀rọ kan ṣe ń mọ̀ọ́mọ̀ fi àrokò náà hàn. Ṣùgbọ́n láti fura sí lẹ́tà àjèjì tí a dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn yàtọ̀ sí láti fura sí odidi èdè kan.

Nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn kan ní kí a yọ àmì náà kúrò, kí a kọ osun, kí ọ̀rọ̀ tán. Èmi kò fara mọ́ ọn. Osùn tí a ń lọ̀ tí a sì ń fi para ni ìyẹn lè jẹ́ bákan náà. Ó sì dùn mí pé Oxum, bí àwọn ará Brazil ṣe ń kọ ọ́, wọlé sínú àdírẹ́sì láìsí ìyọnu kankan, tí ó fi jẹ́ pé orúkọ tí a ń jẹ́ ní Òṣogbo ni a ń bi ní ìwé ìrìnnà.

Ohun tí a ṣe ni pé a ra méjèèjì. Èyí tí kò ní àmì kàn ń darí ènìyàn lọ sí èyí tí ó ní in ni; ìyẹn ni kí a máa kà lórí rédíò. A tún kọ Ọ̀ṣun, tòun ti àmì ohùn, sí àkọlé tí ojú-ìwé náà ń fi lé bọ́tìnì lọ́wọ́, nítorí àkọlé kò sí lábẹ́ òfin àdírẹ́sì. Òun ni àwòrán kékeré tí ń bá ìsopọ̀ rìn máa ń gbé jáde. A sì ti kọ̀wé sí àwọn tí ó ni bọ́tìnì náà pé kí wọ́n tú àrokò kí wọ́n tó fi hàn, kí wọ́n sì ka ẹyọ kan sí ẹyọ kan. Mo rọ ẹ̀yin náà kí ẹ kọ̀wé, ní Yorùbá tí ó ní àmì.

Ní ti ìyá, wọn kò tíì tẹ̀ ẹ́ títí di òní. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni n ó lọ bá wọn nílé, kí n ṣí i lójú wọn.