Ẹ Jẹ́ Kí Kọ̀ǹpútà Kọ́kọ́ Tú U Sílẹ̀

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà ló kọ́ mi ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọdún tó kọjá, mo fi fóònù gba ohùn ìyá bàbá mi sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ki oríkì ìdílé wa. Mo kó o sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi àtijọ́, mo sì pa ti orí fóònù rẹ́ kí àyè lè gbà mí. Nígbà tó yá, mo gbé e lọ sórí mẹ́mọ́rì káàdì fún àbúrò bàbá mi. Gbígbé ni mo gbé e, n kò ṣe àdàkọ. Kọ̀ǹpútà sì pa ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ rẹ́. Bí mo ti rí i pé iṣẹ́ parí lójú kọ̀ǹpútà, mo fa káàdì yọ, nítorí ọkọ̀ ń dúró dè mí. Nínú fáìlì mẹ́ta, ẹyọ kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀.

Kọ̀ǹpútà lè sọ pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí kò tíì parí. Kí iṣẹ́ lè yá, ó máa ń kó ohun tí a ní kí ó kọ sínú mẹ́mọ́rì ara rẹ̀ ná, á wá máa kọ ọ́ sórí káàdì díẹ̀díẹ̀. Ó tún ní láti kọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀. Bí a bá fa káàdì yọ láàárín èyí, ńṣe ló dà bí ìwé tí a fà kúrò lábẹ́ ọwọ́ akọ̀wé.

Lórí Windows, ẹ tẹ àmì "Safely Remove Hardware and Eject Media" lẹ́bàá aago nísàlẹ̀, ẹ yan káàdì yín, kí ẹ sì dúró gba àṣẹ. Lórí Mac, ẹ tẹ àmì Eject lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú Finder. Bí kọ̀ǹpútà bá ní òun ṣì ń lò ó, ẹ ti gbogbo fáìlì tí ẹ ṣí láti orí rẹ̀. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tó yọ ọ́. Òfin yìí náà ló de káàdì àfikún tí a ń tì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́, bíi PC Card àti ExpressCard.

Òótọ́ ni pé láti ẹ̀dà 1809 ti Windows 10, tó jáde ní 2018, Microsoft ti yí ètò padà kí a lè tètè yọ fíláàṣì àti káàdì láìtẹ àmì náà. Ṣùgbọ́n bí ìkọ̀wé bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, ewu ṣì wà. Ẹlòmíràn sì lè ti yí ètò náà padà lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ yá lò.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Wọ́n tún ki oríkì náà fún mi, ṣùgbọ́n ibi tó kan bàbá bàbá mi kò wá sí wọn lẹ́nu mọ́ bíi ti àkọ́kọ́. Àdàkọ méjì ni mo ṣe lọ́jọ́ náà, mo sì dúró kí kọ̀ǹpútà tú káàdì sílẹ̀ kí n tó nawọ́ sí i.