Ta Ló Wọ Balógun Láṣọ Yìí?

Àwọn àgbà ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ẹni tó wà láyé ló ń yan aṣọ tí a ó bá lọ́rùn rẹ̀. Òkú kò rí tiẹ̀ yàn. Ohun tí àwọn ọmọ bá fi bò ó ni yóò fi gba ìkíni, ìbáà ṣe àrán, ìbáà ṣe àkísà. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ya fíìmù ogun àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá jẹ́ ọ̀rọ̀ eré lásán. Àwọn ló ń wọ àwọn baba wa láṣọ kí ayé tó kí wọn, ohun tí wọ́n sì ń wọ̀ fún wọn kò ṣeé fi kí ni.

Ẹ jókòó ti fíìmù bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ogun dé, àwọn ọmọ ogun tú yáyá jáde látinú igbó. Àyà wọn ṣófo, yẹ̀rì ìko wà nídìí wọn, ẹfun wà lójú ní tótòtó, owó ẹyọ wà lọ́rùn, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀, àní lára bàtà. Balógun tẹ̀ lé wọn, ó da aṣọ aláràbarà bí awọ ẹkùn bora, irú èyí tí wọ́n ń gé ní yáàdì lọ́jà, tó ń dán gbinrin nítorí pé ọ̀rá ni. Ẹ bi ẹni tó ṣe é pé ọdún wo nìyí, á ní ayé àtijọ́ ni. Àtijọ́ wo?

Nígbà tí Baṣọ̀run Gáà ń fi Aláàfin jẹ tó tún ń lé wọn kú, kí Aláàfin Abíọ́dún tó rí ẹ̀yìn rẹ̀ ní 1774, ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́. Òkè ọya ni wọ́n ti ń rà á wá. Ẹlẹ́ṣin mú ọ̀kọ̀ àti idà, ẹlẹ́sẹ̀ mú ọrun àti ọfà. Ẹlẹ́ṣin àti tafàtafà ni Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, ṣì bá nígbà tó wọ Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826. Ṣùgbọ́n ẹṣin kì í pẹ́ nínú igbó dúdú, àrùn tí eṣinṣin ibẹ̀ ń kó bá a ni kì í jẹ́ kó pẹ́, ohun ìjà mìíràn ló sì ń ti etíkun bọ̀. Lógun Òwu, àwọn Ìjẹ̀bú gbé ìbọn dé, àwọn Òwu fi agẹdẹngbẹ́ kò wọ́n lójú, ìparun ló sì gbẹ̀yìn Òwu. Ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn fọ́ ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin Ìlọrin túútúú ní Òṣogbo. Nígbà tó wá di Kírìjì, tí Látòósà kó Ìbàdàn jáde tí Ògèdèǹgbé sì ń darí Èkìtìparapọ̀, ìbọn tí a ń ti ìdí ki ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ń wá ránṣẹ́ sílé. Láti 1877 ni rògbòdìyàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ibùdó kò sì tú ká tán títí di 1893. Ìró ìbọn ibẹ̀ ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ìgbà wo lẹ ti gbọ́ ogun tó dún bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù wa? Gáà àti Látòósà fi ọgọ́rùn-ún ọdún jìnnà síra, ẹ̀yà aṣọ kan náà la sì kó fún àwọn méjèèjì.

Ọmọ ogun tiwa mọ aṣọ í wọ̀. Gbérí rẹ̀ jẹ́ aṣọ híhun tó nípọn, tí a rẹ sínú aró, tí a fi awọ rán ońdè mọ́ níwájú lẹ́yìn. Ìgbàdí wà nínú, ìfúnpá wà lápá, àdó rọ̀ sí ìbàdí. Ahunṣọ wà nínú ẹ̀wù yẹn, aláró wà níbẹ̀, onísọ̀nà awọ wà níbẹ̀, oníṣègùn wà níbẹ̀. Ẹ lọ wo ère Jagunjagun tí wọ́n ń gbé jó lọ́dún Ẹ̀pa l'Ékìtì: gbẹ́nàgbẹ́nà kò gbàgbé ẹṣin, kò gbàgbé ọ̀kọ̀.

Ọ̀rọ̀ awọ ẹkùn yìí gan-an ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ rẹ̀ tán. Àlùfáà Samuel Johnson, ọkùnrin tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó kan dé èkejì ní Kírìjì, kọ ìwé ìtàn Yorùbá kan tó parí ní 1897, tó sì jáde ní 1921. Ó kọ bí wọ́n ṣe ń fi Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò jẹ sínú rẹ̀. Wọ́n á fá orí rẹ̀, wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ 201 sí i, abẹ 201 ni wọn yóò sì lò. Fìlà rẹ̀ jẹ́ ti ìkóódẹ, ìrù rẹ̀ gùn lẹ́yìn títí kan ìbàdí. Ìbàǹtẹ́ rẹ̀ jẹ́ awọ ẹkùn, orí awọ ẹkùn ni í sì í jókòó nígbà gbogbo. Bí ó bá ń lọ sógun, kò mú ohun ìjà kankan lọ́wọ́ àfi ọ̀pá oyè rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: olórí gbogbo ológun Ọ̀yọ́, ọ̀pá lásán ló mú lọ́wọ́! Ìbẹ̀rù tó wà nínú èyí ju ti idà mẹ́wàá lọ. Òǹṣèré kan ì bá gbé ọ̀pá yẹn dání kó má sọ̀rọ̀, kí gbogbo ilé dákẹ́. Ṣùgbọ́n idà ni wọ́n ń kì í lọ́wọ́ kó máa fì í kiri, ẹkùn tó jẹ́ àmì oyè rẹ̀ ni wọ́n sì pín kári bí ẹ̀bùn ọjọ́ ìnáwó. Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè wọ ẹkùn. Ẹni tó ń gbé omi fún ẹlẹ́wọ̀n wọ ẹkùn. Mo ti rí ọ̀kan tí síìpù ń dán yinrin lẹ́yìn ẹkùn tirẹ̀. Bí gbogbo ọmọ ogun Ọ̀yọ́ bá wọ ẹkùn lóòótọ́, ẹkùn ì bá ti tán nígbó kí wọ́n tó bí Gáà. Bí ìránṣẹ́ àti Kakaǹfò bá sì da aṣọ kan náà bora, báwo ni ọmọdé tó ń wò ó yóò ṣe mọ ẹni tó lè ní kí ogun dúró, kí ogun sì dúró?

Wọ́n á ní eré la wá wò, pé owó kò sì tó. N kò jiyàn pé ìnáwó fíìmù pọ̀.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ bó bá kan sójà òde òní. Nígbà tí Izu Ojukwu darí fíìmù '76, wọ́n gba ìyọ̀ǹda iléeṣẹ́ ológun, bárékè Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn ni wọ́n sì ti yà á. Sójà òde òní ní ẹni tó lè pè yín lẹ́jọ́. Ta ni yóò pè yín lẹ́jọ́ nítorí Ògúnmọ́lá, ológun Ìbàdàn àtijọ́?

Nígbà tí fíìmù The Woman King jáde ní 2022, ariwo wa pọ̀ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ba Ọ̀yọ́ jẹ́, wọ́n wé láwàní fún wọn bí ará aṣálẹ̀. Mo bá wọn pariwo. Síbẹ̀, àwọn àjèjì yẹn rántí gbé Ọ̀yọ́ gun ẹṣin; àwa tí a ni Ọ̀yọ́ ń fi ẹsẹ̀ rìn. Irọ́ tí amúnisìn pa mọ́ wa pé ìhòòhò ni òun bá wa, àwa fúnra wa la ń fi owó wa yà á báyìí, tí a sì ń tà á fún ayé. Lọ́jọ́ àṣà nílé ìwé, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń mú àwọn ọmọ wa ṣe jagunjagun: ìko, ẹfun àti ọ̀rá ẹlẹ́kùn. Inú fíìmù wọ̀nyí ni àwọn ìyá wọn ti rí i.

Aṣọ ogun tòótọ́ kò tilẹ̀ ṣòroó wá. Ìlú Ìsẹ́yìn ṣì ń hun aṣọ. Àwọn ọdẹ ṣì ń wọ gbérí lọ síjó ọlọ́dẹ, wọ́n mọ ẹni tó rán an, wọ́n sì mọ ohun tí ońdè kọ̀ọ̀kan wà fún. Kò sí ìletò tí wọ́n ti ń ya fíìmù wọ̀nyí tí kò ní ọdẹ. Àwọn ni wọ́n ń gbà láti máa ṣọ́ kámẹ́rà lóru. Gbérí á wà lọ́rùn wọn, ṣakabùlà á wà léjìká, wọn á sì máa ṣọ́ àpótí tí wọ́n kó yẹ̀rì ìko sí di ilẹ̀ mọ́.