Ẹ JẸ́ KÁ SỌ YORÙBÁ: "YÍ PADÀ"

Bí oníbàárà bá ní kí ẹ yí aṣọ padà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fẹ́ rí. Bí ó bá fẹ́ dá a padà, owó rẹ̀ ló ń bèèrè. Bí ó bá ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, òmíràn ló fẹ́. Òǹtàjà tí kò bá gbọ́ ìyàtọ̀ wọn yóò jà lásán.

Ẹ wo Òkè-Bùkún ní ilẹ̀ Okun. Lọ́dún 1967, ó kúrò lábẹ́ Ìjọba Àríwá, ó bọ́ sí ìpínlẹ̀ tí a wá ń pè ní Kwara. Lọ́dún 1991, ó di ti Kogi. Ìjọba yí padà, ìlú kò kúrò lójú kan. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí ye àwọn ọmọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.