Ìrẹsì Ń Kọjá Ìdìrókò, Ìwé Akáńtáǹtì Ò Kọjá

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ́ ká bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa lọ́dún 2019, ṣé ìrẹsì ò wọlé ni? Ó wọlé, ẹ sì mọ ọ̀nà tó gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ yín tó fi òru ṣe ọ̀sán, tó yege nínú ìdánwò ICAN, bó bá gba Ìdìrókò kọjá sí Ìgólò lónìí, sátífíkéètì yẹn nìkan kò fún un láṣẹ láti fọwọ́ sí ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ kankan ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu. Kétu lè jẹ́ ìlú ìyá rẹ̀ o! Ìyẹn ò kàn wọ́n.

Ìlú Ọba ni Olóyè Akintọla Williams ti gba ìwé tirẹ̀ lọ́dún 1949, torí kò sẹ́ni tó lè fún un nílé. Lọ́dún 1965 ni ilé aṣòfin ṣe òfin tó dá ICAN sílẹ̀, kí àwa náà lè máa fún ọmọ wa. A ń fún wọn. Ẹnubodè ni kò jẹ́ kó rìn jìnnà.

Ẹ wo àwọn aládùúgbò wa. Benin, Tógò, Kódifúà, Sẹ̀nẹ̀gà àti mẹ́rin mìíràn tí wọ́n jọ ń ná owó sefà ṣe òfin lọ́dún 2006, pé akáńtáǹtì ọmọ ìlú kan nínú wọn lè lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú kejì. Àwa ńkọ́? Láti 1979 ni ECOWAS ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ará ìlú kan lè lọ gbé, kó sì dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní òmíràn. Nàìjíríà fọwọ́ sí i. Àwọn tó wà lórí àléfà wá fi ìwé náà ṣe ìrọ̀rí.

A ò ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn gbayawu. Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé owó lọ́hùn-ún, ìlànà OHADA ni wọ́n ń tẹ̀lé, òfin owó-orí wọn kì í ṣe tiwa. Ẹni tí ò mọ ìwọ̀nyí ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí nǹkan kan. Owó olówó ni. Ohun tọ́mọ ò mọ̀ ni kí wọ́n dán an wò lé lórí, kí wọ́n má ní kó padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ABD. Bẹ́ẹ̀ náà ni ká ṣe fún tiwọn tó bá ń bọ̀ l'Ékòó.

Bí wọ́n bá wá tọrọ ìbò níloro yín, ẹ bi wọ́n: ọjọ́ wo lẹ jókòó pẹ̀lú Kútọnu lórí ọ̀rọ̀ yìí? Bí wọ́n bá ní àwọn ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n dá ọjọ́.