Ẹni Kékeré Pẹ̀lú Ní Ìlú

Ìjàkadì ni orò Ọ̀fà. Ọmọ Ìyerú Ọ̀kín mọ̀ dájú pé bí ẹ̀yìn ẹni bá ti kan ilẹ̀, ìjà parí. Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ fi òfin yìí wọn eré kan tí ó ti òkè òkun wá.

Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson, ará Amẹ́ríkà méjì, gbé eré Dungeons & Dragons jáde. Ẹnì kan a máa pa ìtàn, àwọn yòókù a sì sọ ara wọn di akọni inú rẹ̀. Bí akọni bá dáwọ́ lé ohun tí ó ṣòro, wọn a ju dáìsì láti mọ̀ bóyá yóò ṣeé ṣe fún un.

Nínú eré yìí ni kobold wà. Ilẹ̀ Jámánì ni orúkọ náà ti wá. Àwọn awakùsà ibẹ̀ gbà pé iwin kékeré abẹ́ ilẹ̀ ni, tí ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Láti ara orúkọ rẹ̀ ni irin kóbáltì sì ti gba tirẹ̀. Nínú eré, kobold kò ga, kò sì lágbára. Ṣùgbọ́n ó mọ ilẹ̀ gbẹ́, ó mọ pàkúté dẹ, kì í sì í dá rìn. Síbẹ̀, ohun tí a sábà ń fi í ṣe ni kí akọni tí kò tíì gbó fi í dán idà wò.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Akọni wọ inú ihò, ó bá àwọn onílé nínú ilé wọn, ó pa wọ́n, ó kó ẹrù wọn, a sì yìn ín. Bí àlejò bá wọ Ọ̀fà lóru tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni à bá pè é bí kò ṣe ọlọ́ṣà? Pàkúté tí kobold dẹ sí ẹnu ọ̀nà kò yàtọ̀ sí odi tí àwọn baba wa mọ yí ìlú ká.

Kì í ṣe àwọn ará òkè òkun nìkan ni ó jẹ̀bi. Yorùbá ní egbére, iwin kúkúrú tí ń gbé ẹní kékeré, tí ń sunkún kiri; wọ́n ní ẹni tí ó bá gba ẹní rẹ̀ yóò là. Ọ̀pọ̀ ọmọ a máa bèèrè bí a ti ń gbà á; mélòó ni ó ń bèèrè ohun tí ń pa egbére lẹ́kún? Nínú Igbó Olódùmarè, ìwé tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1949, iwin a máa fọhùn, akọni a sì dá a lóhùn kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan lè wí pé eré lásán ni, pé kò sí ẹni tí ó kú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n eré ni ọmọdé fi ń kọ́ ìṣe àgbà. Ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Kí apìtàn fún kobold ní ìlú àti ọba. Kí akọni sì kọ́kọ́ kí onílé. Bí ìjà bá wá di dandan, kí ó rántí Ọ̀fà: bí ẹ̀yìn bá ti kan ilẹ̀, ó parí.