Bí A Bá Rán Cron Níṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Cron ni orúkọ rẹ̀. Ó ti wà nínú Unix tí Bell Labs ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1979, a sì ń bá a nínú Linux títí di òní. Ohun tí a bá ní kí ó ṣe ni ó ń ṣe ní àsìkò tí a dá fún un, yálà a wà nílé tàbí a kò sí.

Ìlà kan péré ni a ó kọ fún un. Ìṣẹ́jú ni ó ṣáájú, lẹ́yìn náà wákàtí, ọjọ́ inú oṣù, oṣù, àti ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀. Àṣẹ ni ó kẹ́yìn. Àmì ìràwọ̀ dúró fún "gbogbo". Bí a bá kọ 0 2 * * *, aago méjì òru lójoojúmọ́ ni a wí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, èmi náà rán an níṣẹ́. Mo ní kí ó máa ṣe ẹ̀dà àwọn ìjálá tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ sórí dísìkì mìíràn ní aago méjì òru. Mo fọkàn balẹ̀. Mo gbàgbé pé iná kì í sábà sí lóru ní àdúgbò wa, àti pé mo máa ń pa ẹ̀rọ kí n tó sùn. Bí àsìkò iṣẹ́ bá kọjá nígbà tí ẹ̀rọ wà ní pípa, cron kì í padà jẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí dísìkì mi bàjẹ́, ẹ̀dà tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ní oṣù mẹ́ta ṣáájú nìkan ni mo bá. Ọ̀kan nínú àwọn baba ọdẹ náà sì ti papòdà. Ta ni n ó tún lọ bá?

Àwọn kan yóò ní ẹ̀rọ ni ó jẹ̀bi. N kò gbà. Ohun tí mo kọ ni ó ṣe. Bí ẹnìkan bá kọ 0 9 13 * 5, tí ó rò pé ọjọ́ Ẹtì tí ó bá bọ́ sí ọjọ́ kẹtàlá oṣù ni òun wí, gbogbo ọjọ́ Ẹtì àti gbogbo ọjọ́ kẹtàlá ni iṣẹ́ náà yóò máa wáyé. Cron kò ní làákàyè ọmọ. Àfi kí ẹni tí ó rán an fi tirẹ̀ kún un.

Èrò mi nìyí. Níbi tí iná kò ti dúró, anacron ni kí a lò fún irú iṣẹ́ yìí. Iye ọjọ́ tí ó ti kọjá láti ìgbà tí a ṣe iṣẹ́ náà kẹ́yìn ni ó ń wò. Bí a bá tan ẹ̀rọ, yóò ṣe èyí tí ó ti yẹ kí a ti ṣe. Kí iṣẹ́ náà sì máa kọ àbọ̀ sínú fáìlì tí a ó máa kà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí a tún máa ṣí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà náà, kí a fi etí ara wa gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, kí ẹ tó rán wa lọ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi wá pé níbo ni ẹ̀dà wà, ìgbà wo ni a sì yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn.