Amẹ́ríkà Kì Í Ṣe Ẹ̀rí

Ẹ̀yin ará Adó-Èkìtì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kó owó ọkọ̀ jọ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yin ni mo kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí sí. Gbólóhùn kan wà tí a fi ń pa ara wa lẹ́nu mọ́ nídìí ọkọ̀: "Amẹ́ríkà ló ti wá, ojúlówó ni." Bí Mustang pupa kan bá bú ramúramù gba Adébáyọ̀ kọjá, tó dorí kọ ọ̀nà Ìwòròkò, àwọn tó wà lẹ́bàá títì á mirí, wọn á ní òyìnbó kì í ṣe ayédèrú, àwa níbí la mọ ìyẹn ṣe. Ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ náà mọ̀ pé a gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ yẹn gan-an ló ń tà fún wa.

Èmi ní irọ́ ni. Ilé ayédèrú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà, àwọn ará ibẹ̀ sì mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní 1964, ilé-iṣẹ́ Pontiac fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì ńlá sínú ọkọ̀ tí kò tóbi. General Motors tó ni Pontiac ti fòfin dè é: irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ẹ́ńjìnnì tó ju 330 íǹṣì kúbíìkì lọ. John DeLorean àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti 389 bọ̀ ọ́. Kí àwọn ọ̀gá má bàa rí wọn mú, wọn ò pè é ní ọkọ̀ tuntun. Wọ́n ní àfikún lásán ni fún LeMans, ohun tí oníbàárà lè fi nǹkan bíi 300 dọ́là gbà lé ọkọ̀ rẹ̀. GTO ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ tí Ferrari ti ń lò tẹ́lẹ̀ (ojú ò tì wọ́n). Àwọn èèyàn rọ́ lù ú, ó ju 32,000 lọ tí wọ́n tà lọ́dún àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ka ìgbà àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní muscle car sí.

Ẹ wo ihò tí ọgbọ́n yẹn dá sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àfikún ni GTO ní 1964 àti 1965, nọ́ńbà ṣásí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti LeMans yòókù. Ẹni tó bá ní LeMans jákujàku, tó rí bàájì, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ẹ́ńjìnnì ńlá kó jọ, GTO ti délẹ̀ nìyẹn. Ọdún 1966 ni GTO tó di ọkọ̀ tó dá dúró, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń fi 242 bẹ̀rẹ̀.

Ti Chevrolet tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Camaro Z/28 ọdún 1969 tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe jẹ́ 20,302. Nọ́ńbà ṣásí á sọ fún ọ pé Camaro oníplọ́ọ̀gì mẹ́jọ ni, á sọ ọdún, á sọ ibi tí wọ́n ti tò ó. Kò ní sọ pé Z/28 ni. Nítorí náà làwọn tó mọ̀ ṣe máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé èyí tó wà láyé lónìí ju èyí tí wọ́n bí lọ.

Kí ni àwọn olùrà ibẹ̀ wá ń ṣe? Wọ́n ń wá ara ẹ́ńjìnnì. Ilé-iṣẹ́ ti lu apá kan nínú nọ́ńbà ṣásí mọ́ ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì; bí méjèèjì bá bá ti ṣásí mu, owó ọkọ̀ yẹn á fò sókè. Àwọn oníjìbìtì rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n ń họ nọ́ńbà àtijọ́ kúrò, wọ́n ń lu tuntun sí i. Olùrà náà kọ́gbọ́n: ó ń fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ fi sílẹ̀ lójú irin, nítorí ẹni tó bá họ nọ́ńbà á họ ilà pẹ̀lú. Ó tún ń wo ọjọ́ tí wọ́n rọ ẹ́ńjìnnì, tó máa ń wà lára irin náà fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n rọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti kúrò ní ilé-iṣẹ́ kò lè jẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Fún Pontiac, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní PHS tí wọ́n kó ìwé ilé-iṣẹ́ náà pa mọ́ sí. Fún Ford láti 1967 wá, ìròyìn Marti ni wọ́n ń béèrè. Chevrolet kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó tà ní Amẹ́ríkà, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń tú àga ọkọ̀ palẹ̀, tó ń sọ táǹkì epo kalẹ̀, bóyá á rí bébà tí àwọn òṣìṣẹ́ fi tò ó, tó há sáàárín irin àga tàbí tó lẹ̀ mọ́ orí táǹkì. Àwọn tó ni ọkọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ọkọ̀ wọn. Àwa tí òkun wà láàárín wa la wá ń fi ẹnu lásán gbà á.

Ẹ lè ní ọkọ̀ 1969 ò kúkú sí ní Adébáyọ̀. Òótọ́ ni, kò wọ́pọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ pàápàá ti fi gbèdéke sí ọjọ́ orí àlòkù ọkọ̀ tó lè wọlé: ọdún 15 ni fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tó dín in kù sí 12. Èyí tí à ń rí ni Mustang láti 2005 síwájú, pẹ̀lú Camaro, Charger àti Challenger. Ìwà tó wà nínú ìyá náà ló wà nínú ọmọ. Mustang 2005 sí 2009 oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà, ẹ́ńjìnnì 4.0, ní agbára ẹṣin 210. GT oníplọ́ọ̀gì mẹ́jọ, 4.6, ní 300 nígbà tó jáde. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀: bí méjèèjì bá dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ara kan náà ni wọ́n, bàájì GT tàbí ti ejò Shelby ò sì wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀tù, wọ́n á so sàlẹ́ńsà kejì mọ́ ìdí, owó GT ni wọ́n á pè.

Ẹ ka nọ́ńbà ṣásí. Láti ọdún 1981, ó jẹ́ 17, lẹ́tà pẹ̀lú òǹkà, kò sì sí I, O tàbí Q níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn, ẹ máa lọ sílé. Ìkẹwàá ń sọ ọdún. Ìkẹsàn-án ni ọlọ́pàá inú rẹ̀: ìṣirò àwọn tó kù ló ń mú un jáde, tí oníjìbìtì bá yí ẹyọ kan padà, ìṣirò kì í sábà dọ́gba mọ́. Ìkẹjọ ló ń sọ ẹ́ńjìnnì. Lára Mustang 2005 sí 2009, N ni oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà, H ni GT. Shelby GT500 ìgbà yẹn máa ń ní S. Ẹ má sì há a sórí bí orin: láti 2015, H ti di ẹ́ńjìnnì oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, F ló wá jẹ́ GT. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó pe ara wọn ní ọ̀jọ̀gbọ́n ọkọ̀ pé H ni oníplọ́ọ̀gì mẹ́jọ, wọ́n sì sọ ọ́ tìgboyà-tìgboyà.

Èyí tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni òǹkà àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà náà. 1, 4 tàbí 5 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n tò ní Amẹ́ríkà ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ wo Charger tàbí Challenger tí ẹ fẹ́ràn: 2 ni. Brampton ní Kánádà ni wọ́n ti tò wọ́n. Camaro 2010 sí 2015 náà, Oshawa, Kánádà kan náà. Ojúlówó ni wọ́n o, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó búra fún yín pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí wọn kò tíì wo nọ́ńbà náà rí.

"Fọ́ọ̀sì bọ́dì" ńkọ́, ọ̀dà àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ kùn, tí ẹ máa ń fi èékánná kan ara ọkọ̀ láti wá? Nígbà tí ìjì Harvey da omi bo Houston ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ ló rì. Ọkọ̀ tí omi mu kò họra, kò tẹ̀, ọ̀dà ilé-iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀ digbí. Fọ́ọ̀sì bọ́dì ni! Àwọn adójútòfò á san owó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á kọ salvage, pé ó ti bàjẹ́, sí ìwé rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ọjà gbàǹjo bíi Copart, ẹni tó bá sì san owó jù níbẹ̀ lè kó o sínú ọkọ̀ ojú omi wá sí èbúté Tin Can ní Èkó. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá, kí ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wo nọ́ọ̀tì tó so àga mọ́ ilẹ̀ bóyá ó dípẹtà. Ẹ gbé táyà àpamọ́ sókè. Ọ̀dà ò ní sọ nǹkan wọ̀nyí fún yín.

Ẹ má fi ìwé ṣe ẹ̀rí náà: owó ibodè tí wọ́n san ni ìwé aṣọ́bodè ń fi hàn. Pélétì nọ́ńbà ADK sì ń sọ pé wọ́n ti fórúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Ó tán. Ẹ tún gbọ́ èyí: láti 2022, nọ́ńbà ṣásí yìí ni àwọn aṣọ́bodè fi ń díye lé àlòkù ọkọ̀ kí wọ́n tó gba owó wọn. Ìjọba ò gba bàájì gbọ́. Ìwọ tó fẹ́ san gbogbo owó rẹ lo gbà á gbọ́.

Àwọn kan á ní kí ló kàn àwọn, ọkọ̀ tó ń lọ làwọn fẹ́. Mo gbà, oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà kì í ṣe ọkọ̀ burúkú, ẹ rà á ní owó oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà. Bí ẹ bá rà á ní owó GT, ẹ ó tún máa ra ẹ̀yà GT fún un lọ́jà, kò ní wọ̀, mẹkáníìkì lẹ ó sì máa bú.

Nọ́ńbà náà wà ní ìdí gíláàsì iwájú, lọ́wọ́ awakọ̀, ó tún wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀. Kí méjèèjì bá ti inú ìwé mu. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé NHTSA, àwọn tó ń bójú tó ààbò ojú pópó fún ìjọba Amẹ́ríkà. Láìgba kọ́bọ̀, á sọ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bí i mọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ sanwó fún ìtàn rẹ̀ ní Carfax. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò sáyè gbogbo ìyẹn, pé oníbàárà kan ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ́sàn-án yìí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ará Àkúrẹ́ rà á.